Guido ará Arezzo, Mọ́ńkì tí ó sọ Orin di Ohun Kíkà

Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ dò, re, mí. Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ wa ní àmì ohùn, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ó fi máa ń là wá lójú: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bá sì fẹ́ kọ́ orin tuntun, àwọn náà a máa fi ohùn pe dò, re, mí kí wọ́n tó fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ orin náà rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi lè rò pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti hù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ọ̀nà wọn jìn. Inú orin Látìn tí àwọn mọ́ńkì Ìjọ Àgùdà ń kọ ní ilẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti jáde wá, ẹni tí ó sì fà wọ́n yọ níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Guido ará Arezzo. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti orin nìkan lọ.

Ní nǹkan bí 991 ni a bí Guido. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Pomposa. Ilé yìí wà ní ìhà etí Òkun Adriatic, ní ibi tí odò ńlá Po ti ń ya wọ inú òkun, tí àbàtà sì yí ilẹ̀ ká. Àwọn mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin tí ó ti kọ ayé sílẹ̀ láti sin Ọlọ́run. Wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í ní ohun ìní ti ara wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí olórí ilé wọn lẹ́nu nínú ohun gbogbo. Òfin tí Benedict Mímọ́ ṣe ní nǹkan bí 530 ni àwọn ará Pomposa ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé mọ́ńkì mìíràn ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Iṣẹ́ tí òfin náà gbé ga ju gbogbo iṣẹ́ lọ ni àdúrà tí a ń fi orin gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ní òru, àti ẹ̀ẹ̀méje láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di àkókò ìsùn, agogo a dún, àwọn mọ́ńkì a sì kó ara wọn jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì láti kọrin. Ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù tí ọwọ́ ń dì, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru, orin kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ gbogbo Sáàmù 150 tán. Lẹ́yìn èyí, orin Mísà tún wà, èyí tí ń yí padà ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan àti ní ọjọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí a ń retí Kérésìmesì títí ọdún yóò fi yí po. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ni, orin kan kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí àyè òmíràn.

Orin náà kò dàbí orin ijó. A kì í lu ìlù sí i, kò sì sí pé àwọn kan ń lé kí àwọn mìíràn máa gbe ohùn mìíràn sí i. Ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo ni, gbogbo akọrin a sì jùmọ̀ tọ̀ ọ́ bí ẹni pé ẹnu kan ni ó ń jáde. Ọ̀rọ̀ Látìn ni ń darí rẹ̀: níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dánu dúró ni orin ń mí sí. Ṣùgbọ́n níbi mìíràn, pàápàá nínú Alelúyà, sílébù kan ṣoṣo a máa gba ogún ohùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orin yóò máa yí gòkè, tí yóò sì máa yí sọ̀kalẹ̀, bí àṣá tí ń rà bàbà lójú ọ̀run. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé Póòpù Gregory Kìíní, tí ó wà lórí oyè láti 590 títí di 604, ni Ẹ̀mí Mímọ́ fi àwọn orin wọ̀nyí hàn nínú àwòrán àdàbà. Nítorí náà ni a ṣe ń pè wọ́n ní orin Gregory títí di òní. Àwọn onímọ̀ òde òní sọ pé ẹ̀yìn ikú Póòpù náà, láàárín nǹkan bí 750 àti 900, ni orin àwọn ará Róòmù dà pọ̀ mọ́ orin àwọn Frank, tí ó sì di èyí tí a mọ̀ yìí.

Báwo ni ọmọdé ṣe ń kọ́ irú orin bẹ́ẹ̀? Ẹnu olùkọ́ nìkan ni. Olùkọ́ a kọ ọ́, ọmọ a gbà á. Olùkọ́ a tún un kọ, ọmọ a tún un gbà, títí orin náà yóò fi jókòó sí ọmọ náà nínú. Isidore, Bíṣọ́ọ̀bù Seville ní ilẹ̀ Sípéènì tí ó kú ní 636, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ènìyàn kò bá fi ohùn orin sọ́kàn, ńṣe ni yóò ṣègbé, nítorí pé kò ṣeé kọ sílẹ̀. Nítorí èyí, ọmọ tí a bá fi sínú ilé mọ́ńkì ní kékeré yóò lo ọdún mẹ́wàá lórí orin, síbẹ̀ kò ní lè dá kọ orin kan ṣoṣo tí olùkọ́ rẹ̀ kò bá tíì kọ sí i létí. Bí olùkọ́ bá gbàgbé, gbogbo ilé gbàgbé. Bí olùkọ́ bá ṣìnà, gbogbo ilé ṣìnà tẹ̀lé e. Bí olùkọ́ bá sì kú láìròtẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá a lọ sínú ilẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò gbìyànjú rárá. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó bí Guido tí àwọn akọ̀wé ti ń fi àwọn àmì wẹ́wẹ́ sí orí ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tí ó bá mọ Yorùbá kọ kò ní ṣàì lóye irú àmì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ wa, àmì náà sọ pé ohùn gòkè tàbí pé ó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìwọ̀n tí ó fi gòkè tàbí tí ó fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ Yorùbá láti inú aṣọ ìtẹ́lẹ̀dí kò ní ṣìnà. Àlejò tí kò gbọ́ ọ rí ni yóò dúró tí yóò máa wòye. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì orin ìgbà náà rí. Ó lè rán ẹni tí ó ti mọ orin létí, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn àmì náà kàn léfòó lórí ọ̀rọ̀ ni, bí ewé lójú omi.

Guido jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé akọrin, ìyà tí àwọn ọmọ náà ń jẹ sì ń dùn ún. Ohun mìíràn tún ń bí i nínú. Ó ṣàkíyèsí pé bí olùkọ́ bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́wàá ni wọn yóò gbà kọ orin kan náà, olúkúlùkù yóò sì máa búra pé ti òun ni Póòpù Gregory fi lélẹ̀. Akọrin àgbà méjì láti ilé méjì kì í lè jùmọ̀ kọrin kí ìjà má dé. Lójú Guido, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìyìn Ọlọ́run ni àwọn ènìyàn pé jọ láti kọ, àríyànjiyàn ni wọ́n sì ń fi òpò jù lọ nínú àkókò wọn ṣe.

Mọ́ńkì kan wà ní Pomposa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael, ọ̀rẹ́ Guido ni. Àwọn méjèèjì fi orí kan orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé orin kan ní ọ̀nà tuntun. Àwọn kan ti ń fa ìlà kan kọjá láàárín àmì orin ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n Guido ni ó sọ ọ́ di ètò tí ó pé. Ó fa ìlà mélòó kan ní ìbú ìwé, ọ̀kan lórí èkejì. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé tirẹ̀, yálà lórí ìlà tàbí nínú àlàfo tí ó wà láàárín ìlà méjì. Ohùn tí ó bá ti wà lórí ìlà kan, ohùn kan náà ni yóò jẹ́ ní gbogbo ibi tí a bá tún ti bá a lórí ìlà náà. Báyìí ni àwọn àmì tí ń léfòó tẹ́lẹ̀ ṣe rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣì kù. Ìṣísẹ̀ inú orin kò dọ́gba. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú: èyí tí ó wà láàárín mí àti fà, àti èyí tí ó wà láàárín ti àti dò òkè, ìdajì ni wọ́n jẹ́ lára àwọn ìyókù. Akọrin tí ó bá gbé ẹsẹ̀ gígùn níbi tí ó yẹ kí ó gbé kúkúrú ti ba orin náà jẹ́. Kí ojú lè tètè mọ ibi tí ìṣísẹ̀ kúkúrú wà, Guido kun ìlà méjì. Ọ̀kan ni ó kùn ní pupa, èkejì ni ó kùn ní àwọ̀ èso ìyeyè tí ó pọ́n. Abẹ́ ìlà aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan yìí ni ìṣísẹ̀ kúkúrú máa ń wà. Ó tún fi lẹ́tà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mọ̀. Ó wí pé orin tí a kọ láìsí lẹ́tà tàbí àwọ̀ dàbí kànga tí kò ní okùn: omi inú rẹ̀ ìbáà pọ̀, kò ní ṣe ẹni tí ń wò ó láǹfààní.

Èso iṣẹ́ náà yá ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọdé tí Guido kọ́ ní ọ̀nà yìí ń wo ìwé, wọ́n sì ń kọ orin tí wọn kò gbọ́ rí. Ìyanu gbáà ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ó rí wọn. Guido fúnra rẹ̀ sọ pé ohun tí ń gba ọdún mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ kò ní gbà ju ọdún kan lọ mọ́, tàbí méjì bí ó bá pẹ́ jù.

Ènìyàn yóò rò pé àwọn ará Pomposa yóò gbé Guido gẹ̀gẹ̀. Òdìkejì èyí ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá jìyà kí wọ́n tó di ọ̀gá orin kò fẹ́ rí ọmọdé tí yóò di ọ̀gá láàárín ọdún kan. Ìmọ̀ tí ó wà nínú wọn ni ó ń sọ wọ́n di ẹni ọ̀wọ̀. Bí ó bá di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà nínú ìwé, kí ni yóò kù fún wọn? Ìlara bẹ̀rẹ̀, ìlara di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sì dé etí olórí ilé, ẹni tí orúkọ òun náà ń jẹ́ Guido. Olórí náà gba ọ̀rọ̀ àwọn elénìní gbọ́, ó sì yí ojú padà sí mọ́ńkì rẹ̀. Níkẹyìn, ní nǹkan bí 1025, Guido di ẹrù rẹ̀, ó fi Pomposa sílẹ̀. Michael kò bá a lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà, Guido fi ara rẹ̀ wé oníṣẹ́ ọwọ́ kan nínú ìtàn àtijọ́, ẹni tí ó ṣe dígí tí kò lè fọ́, tí ó gbé e lọ fún ọba Róòmù, tí ó sì jẹ́ pé ikú ni ó gbà bí ẹ̀bùn.

Ṣùgbọ́n ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Guido kọjá sí ìlú Arezzo ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ítálì. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, Theodald, ẹni tí ó gorí oyè ní 1023, jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá, ó sì fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ó gba Guido tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọdé akọrin inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní Arezzo yìí, ní nǹkan bí 1026, ni Guido kọ ìwé tí ó pè ní Micrologus, orí 20 ni ó ní, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún Theodald. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ohùn lórí pátákó tí a na okùn kan ṣoṣo lé, bí a ṣe ń mọ irú ìdílé tí orin kan ti wá, bí ènìyàn ṣe lè ṣẹ̀dá orin tuntun, àti bí ohùn kejì ṣe lè bá ohùn kìíní rìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ti kọ ìwé lórí orin ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ni Guido ní lọ́kàn. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìwé orin tí a dà kọ ju Micrologus lọ kò tó nǹkan.

Kò pẹ́ tí ìròyìn àwọn ọmọdé Arezzo fi dé Róòmù. Póòpù John Kọkàndínlógún, ẹni tí ó wà lórí oyè láti 1024 títí di 1032, gbọ́ pé àwọn ọmọ kan wà tí ń fi ojú kọ orin tí etí wọn kò gbọ́ rí. Ó rán ìránṣẹ́ mẹ́ta sí Guido pé kí ó máa bọ̀. Guido dìde, òun pẹ̀lú olórí ilé mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Grimald, àti Peter, olórí àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Arezzo. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Póòpù, ó gba ìwé orin náà, ó ṣí i wò síwá sẹ́yìn, ó sì ń béèrè ìbéèrè lórí ìbéèrè. Kò dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi wo ìwé náà tí ó sì kọ ẹsẹ orin kan tí kò gbọ́ rí. Ohun tí ó ti kọ́kọ́ ṣòro fún un láti gbà gbọ́ nípa àwọn ẹlòmíràn, ó ti rí i lára òun tìkára rẹ̀.

Póòpù ìbá fẹ́ kí Guido jókòó sí Róòmù láti kọ́ àwọn àlùfáà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ooru mú, àbàtà tí ó yí ìlú náà ká sì kún fún àìsàn. Ara Guido kò gbà á, ibà sì ń bá a jà. Wọ́n ṣe àdéhùn pé yóò padà wá nígbà òtútù, ó sì kúrò ní ìlú náà.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà náà ni ó lọ kí olórí ilé Pomposa, ọkùnrin kan náà tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn elénìní lòdì sí i. Guido fi ìwé orin náà hàn án. Olórí náà wò ó, ó sì kábàámọ̀ pé òun ti fara mọ́ àwọn tí ó lé ọmọ rere jáde. Ó bẹ Guido pé kí ó padà sílé. Ó sọ fún un pé ilé mọ́ńkì yẹ mọ́ńkì ju ààfin bíṣọ́ọ̀bù lọ, nítorí pé ní àkókò náà ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni a ń fẹ̀sùn kàn pé owó ni wọ́n fi ra oyè. Guido kò di kùnrùngbùn. Ó dárí ji olórí náà pátápátá, inú rẹ̀ sì dùn pé òtítọ́ ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ó wá kọ lẹ́tà gígùn kan sí Michael, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nínú lẹ́tà yìí ni ó ti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, inú rẹ̀ náà sì ni ó ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀, èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di àìkú. Orin ìyìn kan wà tí a ń kọ ní ọjọ́ ọdún Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi, tí ń bọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà. Àpólà mẹ́fà ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìíní orin náà, ohùn tí ó sì bẹ̀rẹ̀ àpólà kọ̀ọ̀kan fi ìṣísẹ̀ kan ga ju èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ti ìṣáájú lọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn. Sílébù tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn àpólà náà ni ut, re, mi, fa, sol àti la. Guido kọ́ àwọn ọmọ ní orin yìí títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Nígbà tí wọ́n bá wá rí ohùn kan nínú orin tí wọn kò mọ̀, wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé àpólà wo ni ó fi irú ohùn yìí bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ yóò sì ṣí ìlẹ̀kùn èyí tí wọn kò mọ̀. Ó ròyìn pé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn kan nínú wọn ti ń kọ orin àjèjì láìkọsẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn tí yóò wá lẹ́yìn, tí wọn yóò fi ìrọ̀rùn kọ́ ohun tí àwọn ará ìṣáájú fi ìnira kọ́, máa gbàdúrà fún òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn 1033 ni Guido kú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ìwé orin onílà tàn láti ilé mọ́ńkì dé ilé mọ́ńkì. Ìlà mẹ́rin ni a ń lò fún orin Látìn títí di òní, nígbà tí ìlà márùn-ún di ti orin ìyókù. Àwọn olùkọ́ tí ó tẹ̀ lé e fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ka ohùn lórí oríkèé ìka ọwọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Ítálì fi do rọ́pò ut, nítorí pé ó rọrùn láti fi ẹnu kọ, wọ́n sì fi si ṣe ohùn keje. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn 1800, obìnrin olùkọ́ kan ní ìlú Norwich, Sarah Glover, yí si padà sí ti. John Curwen tún ètò rẹ̀ ṣe, ó sì tàn án káàkiri. Àwọn ajíhìnrere gbé e wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni dò, re, mí ṣe dé ẹnu àwọn akọrin wa, tí ó sì ti ibẹ̀ dé inú ẹ̀kọ́ àmì ohùn Yorùbá. Ní Arezzo, àwọn ará ìlú gbé ère Guido dúró ní 1882, ojúde tí ère náà wà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìwé lè gba gbogbo nǹkan. Àwọn àmì àtijọ́ tí kò ní ìlà kò lè sọ bí ohùn ti ga tó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn nǹkan mìíràn: ibi tí ohùn ti ń gbọ̀n, ibi tí ó ti ń yára, ibi tí ó ti ń fà. Nígbà tí ìlà gba ipò, ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí parẹ́ díẹ̀díẹ̀, orin náà sì di wúruwùru lẹ́nu àwọn akọrin. Lẹ́yìn 1850, àwọn mọ́ńkì Solesmes ní ilẹ̀ Faransé fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wo ìwé àtijọ́ tí ó ní ìlà àti èyí tí kò ní, wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, kí wọ́n lè mọ bí orin náà ti rí kí ó tó bàjẹ́. Láti 1889 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán àwọn ìwé náà jáde fún gbogbo ayé. Póòpù Pius Kẹwàá sì pàṣẹ ní 1903 pé kí a dá orin Gregory padà sí ipò rẹ̀ nínú ìsìn.

Títí di àárín àwọn ọdún 1960, orin Látìn ni ìjọ ń fi gba Mísà ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tí Ìjọ Àgùdà wà. Ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé ṣe ní Vatican láti 1962 títí di 1965 ni ó fi àyè gba èdè olúkúlùkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ipò ọlá sílẹ̀ fún orin Gregory. Láti ìgbà náà ni Yorùbá ti gba ipò Látìn nínú Mísà wa, pẹ̀lú ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá fẹ́ kọ́ orin Yorùbá náà láti inú ìwé, ọ̀nà Guido ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, ẹ wo ohun tí ó fa ìjà ní Pomposa dáadáa. Kì í ṣe pé ọ̀nà Guido kò dára ni wọ́n fi lé e. Ó dára jù ni. Ìmọ̀ ti di odi tí àwọn kan fi yí ara wọn ká, Guido sì ṣí ilẹ̀kùn sí ara odi náà kí ọmọdé lè wọlé. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá àwọn ará Pomposa kò sí láàárín àwa náà: ọ̀gá iṣẹ́ tí ń fi kókó iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ-iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìṣirò kan tí ó sì fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú. Àwọn tí ó fi orin pamọ́ ní Pomposa, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn mọ́. Ẹni tí ó fi tirẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí pàápàá ń jẹ nínú ogún rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá la ẹnu tí ó pe dò, re, mí. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.